Sùtánà Márùn-ún Lórí Okùn

Láàárọ̀ Sátidé, ẹni tó bá gba ẹ̀yìn ilé Àṣàkẹ́ Ògúnkúnlé kọjá ní Addo á rí sùtánà márùn-ún lórí okùn. Márùn-ún ni, kì í lé, kì í dín. Ti ọkùnrin gíga kan ló máa ń ṣáájú, ti obìnrin á tẹ̀lé e, ti ọmọ mẹ́ta á tò sẹ́yìn, gbogbo wọn á funfun báláú. Ẹni tí kò bá mọ̀dí ọ̀rọ̀ á ní ilé yìí kún fún èèyàn.

Àṣàkẹ́ nìkan ló ń gbébẹ̀. Ọdún kẹrin rèé tí Olúdélé ọkọ rẹ̀ ti kú. Yọ̀mí, àkọ́bí wọn, wà ní Kánádà, ó ń fi fóònù fi yìnyín han ìyá rẹ̀ bí ẹni pé òun ló dá a. Ànú lọ́kọ sí Port Harcourt, sínú ìdílé tí wọn kì í wọ sùtánà, bàtà gíga ló fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Ṣèyílọ́lá tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Lekki. Lekki ò sì jìnnà sí Addo, àmọ́ ẹni tí kò bá ráyè wá, ilé kejì gan-an jìnnà sí i.

Kí ló wá dé tí obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ń fọ aṣọ àwọn tí kò sí nílé? Bí ẹ bá bi í, á ní aṣọ funfun tí wọ́n bá tì mọ́nú àpótí, pípọ́n ló máa ń pọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́ nìyẹn.

Nígbà tí ilé ṣì kún, ogun ni àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Yọ̀mí kì í mọ ibi tí àmùrè rẹ̀ wà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wá a títí, àṣé ó ti fi so ewúrẹ́ alájọgbélé wọn mọ́lẹ̀. Ànú á gbé sùtánà ìyá rẹ̀ wọ̀, á sì máa jiyàn pé tòun ni. Olúdélé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo pé àkókò ti lọ, bẹ́ẹ̀ ọṣẹ ṣì wà nínú etí òun alára. Ìgbà tí Ṣèyílọ́lá wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ó wọ sálúbàtà pupa mọ́ sùtánà, kò sẹ́ni tó kíyè sí i àfi ìgbà tí wọ́n dé géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ọwọ́ sì mọ̀ pé ẹni tó wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Bàbá rẹ̀ bọ́ sálúbàtà náà, ó fi há abíyá, ó gbé ọmọ kọ́rùn, ó sì wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Àṣàkẹ́ ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Inú bí i títí ìsìn fi parí. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń sọ pé kí Ọlọ́run gba òun lọ́wọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí. Ó jọ pé Ọlọ́run gbọ́.

Lọ́dún yìí, ọjọ́ kejì ọ̀kan nínú àwọn Sátidé náà ni ìkórè ọdún bọ́ sí. Lọ́jọ́ ìkórè, ẹbí ẹbí ni wọ́n máa ń pè jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Olùṣọ́ ìjọ á dúró nídìí pẹpẹ, á ké orúkọ ẹbí sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, bàbá, ìyá, ọmọ àti àna á jó jáde pẹ̀lú èso àti àbẹ́là, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á gba àdúrà. Lọ́dún tí Olúdélé kú, Ànú bá ìyá rẹ̀ jáde. Láti ìgbà náà, Àṣàkẹ́ nìkan ló ń jáde. Tó bá ti dé iwájú, Olùṣọ́ á wo ẹ̀yìn rẹ̀, á máa retí àwọn tó kù. Gbogbo ìjọ á bá a retí. Àṣàkẹ́ kò fẹ́ kí wọ́n tún retí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn òun mọ́. Oṣù méjì ló fi bẹ Ṣèyílọ́lá, Ṣèyílọ́lá sì ṣèlérí pé òun á wá. Ẹnì kan péré ti tó o.

Nítorí náà, sùtánà Ṣèyílọ́lá ló kọ́kọ́ fọ̀ ní Sátidé náà. Ó ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, ó rẹ ẹ́ sínú omi búlúù, ó sì fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibi tó ti ń sá ti Olúdélé, tó fi kẹ́yìn, ni ẹnì kan ti kan géètì. Ọkùnrin kan ló wọlé, táìsì ló ń lẹ̀ nínú ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìnkùlé Àṣàkẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní Akínlabí lòún ń jẹ́, Ìkìrun lòún ti wá. Ó mú sùtánà kan jáde látinú lailọ́ọ̀nù, sìmẹ́ńtì funfun ti gan mọ́ ìṣẹ́tí rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Awoyaya lọ́la, ó sì béèrè iye tí Màmá ń fọ ẹyọ kan.

“Ta ló sọ fún ẹ pé alágbàfọ̀ ni mí?”

Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà. “Ẹ má bínú, Màmá. Òkè lọ́hùn-ún la ti máa ń rí yín. Every Saturday, sùtánà márùn-ún. A ò sì rí ẹnì kankan tó ń wọ̀ ọ́ rí. Èmi àtàwọn boys wá ní, àfi kó jẹ́ pé ẹ ń fọ̀ ọ́ fún customers.”

Èébú ti dé ètè Àṣàkẹ́, kò jáde. Ohun tí àwọn aládùúgbò kò kà sí ni àwọn àjèjì tó wà lórí ilé ti kà ní ẹyọ ẹyọ. Ó dùn ún wọra. Ó fẹ́ sọ fún un pé ọkọ àti ọmọ òun ló ni wọ́n, ṣùgbọ́n tó bá bi í pé níbo ni wọ́n wà ńkọ́? Ó gba lailọ́ọ̀nù náà, ó ní kó padà wá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́.

Ṣèyílọ́lá pè lọ́sàn-án. Ìkíni rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti mọ̀. Ó ní ọ̀gá òun ló mú orúkọ òun fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tó bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, òun bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ ẹ́, kò gbà.

“Mummy, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín gbé phone dání, màá wà lórí video. Tí wọ́n bá ti pe Ògúnkúnlé, á kàn dà bíi pé mo wà níbẹ̀ ni.”

Àṣàkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, ó jókòó lórí korobá tó dojú dé, ó sì sunkún. Kò sẹ́ni tó ń wò ó, kò sídìí tó fi máa rọra sun ún.

Akínlabí dé bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Sùtánà rẹ̀ ti gbẹ, Àṣàkẹ́ ti lọ̀ ọ́, sìmẹ́ńtì náà ti kúrò. Ó dúpẹ́ títí, lójú rẹ̀ bá lọ sára àwọn yòókù tó wà lórí àga, níbi tí Àṣàkẹ́ ká wọn sí.

“Màmá, àwọn customer yín ò tíì wá kó tiwọn?”

“Ọkọ mi ló ni ti òkè yẹn. Ó ti kú. Àwọn ọmọ mi ló ni mẹ́ta. Wọn kì í wá.”

Kò tíì sọ ọ́ báyẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Akínlabí ò sọ pé kó ní sùúrù, bí àwọn ará ìjọ ṣe máa ń sọ. Ó ń wo sùtánà tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ó ní òun fi ọ̀kan sílẹ̀ ní Ìkìrun, ìyàwó òun sì máa ń fọ̀ ọ́ mọ́ tàwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun kò tíì délé láti ọdún tuntun. Òun a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ lórí fóònù pé ó ń fi ọṣẹ ṣòfò.

Àṣàkẹ́ wò ó lójú. “Má fi í ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Lọ sílé, ọmọ mi.”

Akínlabí fẹ́ sanwó. Àṣàkẹ́ lé e jáde.

Nígbà tó di ọ̀la, wọ́n pe ẹbí Ògúnkúnlé. Àṣàkẹ́ jáde pẹ̀lú ọ̀pẹ òyìnbó méjì àti ọsàn nínú abọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán lórí táìsì tútù ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dé iwájú. Olùṣọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń retí. Fóònù ń gbọ̀n nínú báàgì tó gbé kọ́pá. Ó mọ̀ pé Ṣèyílọ́lá ni. Kò wò ó.

“Èmi nìkan ni, Bàbá. Ẹ má wo ẹ̀yìn mi mọ́.”

Ohùn kékeré ló fi sọ ọ́, àmọ́ ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ Olùṣọ́ gbé e dé ìta. Ó kúnlẹ̀. Olùṣọ́ gbọ́wọ́ lé e lórí, àdúrà tó gbà fún un sì gùn ju ti ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́wàá lọ. Fóònù gbọ̀n títí, ó sì dákẹ́.

Sátidé tó tẹ̀lé e, Àṣàkẹ́ fọ tirẹ̀, ó sá a. Mẹ́rin tó kù wà nínú àpótí. Akínlabí ò sí lórí ilé lọ́hùn-ún lọ́jọ́ náà, ó ti lọ sí Ìkìrun láti Ọjọ́bọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń lẹ táìsì wolẹ̀, wọ́n rí sùtánà kan ṣoṣo lórí okùn. Wọ́n ní àwọn oníbàárà Màmá ti wá kó aṣọ wọn lọ.