Abẹ́ Afárá Hikage

Misao na ọ̀pá gígùn sókè, ó fi gbá òkúta àárín afárá, ó tẹ́tí. Kazuomi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń wò ó láti etí odò. Ó gbé ìrẹsì tó dì mọ́wọ́ sílẹ̀ láìjẹ ẹ́ tán.

Láti ìgbà tí irùngbọ̀n Kazuomi ti hù ló ti ń gbẹ́ òkúta lọ́dọ̀ Genzo, bàbá wọn. Misao ní tirẹ̀ lọ sí ìlú ńlá Osaka, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi irin àti kọnkéré ró afárá àtijọ́ lágbára, ó padà dé láìpẹ́ yìí, Bàbá sì gbé iṣẹ́ afárá Hikage lé e lọ́wọ́. Kazuomi ló gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú òkúta tí wọ́n pààrọ̀. Orúkọ Misao ni gbogbo abúlé ń pè.

Lónìí, ọkọ̀ ńlá tó ru gẹdú máa gba orí afárá náà láti fi dán àtúnṣe rẹ̀ wò, èyí tí ìjọba ti fòfin dè fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Nínú ìdílé wọn, ọ̀gá iṣẹ́ ló máa ń dúró sábẹ́ afárá lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, láti fi hàn pé iṣẹ́ òun dá òun lójú.

"Bàbá, èmi ni àkọ́bí yín. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀."

Genzo kò gbójú sókè lórí àga rẹ̀. "Ta ló ni iṣẹ́ náà?"

"Àwa méjèèjì ni."

"Tó bá wó, ta ni wọ́n máa mú?"

Kazuomi yíjú wo Misao.

"Ṣé o rí i? Lọ jókòó jàre."

Ó jókòó, ó ń rò ó lọ́kàn. Kí òkúta kan ṣáà là, ẹyọ kan péré, kí ojú Misao lè wálẹ̀ díẹ̀.

Misao lọ dúró lábẹ́ afárá, ní ìdí rẹ̀, níbi tí òkúta ti tẹ̀ wálẹ̀ tí ọwọ́ lè kàn án. Ọkọ̀ bú ramúramù. Táyà iwájú gun orí afárá. Eruku dà sílẹ̀ láàárín òkúta, ó bo Misao lórí. Kò yẹ̀.

Ohun tí Kazuomi gbọ́ lẹ́yìn náà ni ohùn àbúrò rẹ̀, létí rẹ̀ gan-an.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ wá ṣe níbí?"

Omi ti dé orúnkún Kazuomi; kò mọ ìgbà tó kúrò létí odò wá sábẹ́ afárá. Bàtà rẹ̀ kan ti bá odò lọ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè, ó tẹ̀ mọ́ òkúta gbọin-gbọin, bíi pé òun ló gbé afárá àti ọkọ̀ dání. Ọkọ̀ sì ti kọjá, wọ́n ti ń hó yèè lókè.

"Ẹ gbé ọwọ́ yín wálẹ̀," ni Misao wí, ẹ̀rín ń pa á. "Ó lè dá dúró."

Kazuomi gbé ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Òkúta kò mì. Ó wá owú àárọ̀ yẹn nínú ara rẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbéra lọ bá Misao lábẹ́ afárá, kò bi owú náà léèrè.