Etí Olówòkéré àti Fítà Epo

Bí ẹ bá fẹ́ wá ìjà Olówòkéré ní èbúté Ugbónlá, ẹ kàn sọ fún un pé oṣù ti pé, kó pààrọ̀ fítà epo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Fítà ọ̀hún kò ju àtàǹpàkò méjì lọ. Asẹ́ kékeré ni, epo ń gba inú rẹ̀ kọjá kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ sì ni ìdọ̀tí àti omi ń há sí. Bẹ́ẹ̀ epo àwọn awakọ̀ ibẹ̀, inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi omi odò ṣan ló ń bá wọn dé. Ìdí nìyẹn tí àwọn awakọ̀ yòókù fi ń pààrọ̀ fítà tiwọn lóṣooṣù. Olówòkéré a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀yin ń ka ọjọ́, etí lèmi fi ń mọ̀ ọ́n. Bí fítà bá ti fẹ́ dí, ẹ́ńjìnnì á wúkọ́. N ó gbọ́."

Òótọ́ ló sọ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi gbọ́ ọ, ọkọ̀ rẹ̀ kò sì dá èrò dúró lórí omi rí. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ariwo ẹ́ńjìnnì tó ń tẹ́tí sí láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá ti jẹ etí náà tán. Bí èèyàn bá pariwo, ó ń gbọ́, ṣùgbọ́n ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu àwọn èèyàn ló ń wò, bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà á, kí n má purọ́. Awakọ̀ tí etí rẹ̀ ti di, ta ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀? Bí wọ́n bá sì gba ọkọ̀ lọ́wọ́ Olówòkéré, kí ló kù fún un láyé? Jọọlá ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ti fura, òun náà kò sì sọ ọ́ síta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó kó èrò mọ́kànlá, ó di ọjà Ìgbọ́kọ̀dá. Jọọlá jókòó níwájú pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ rẹ̀. Tíṣà Adégbóyè, ọmọ Ìbàdàn tí ẹ̀rù omi kò tíì kúrò lára rẹ̀, jókòó sáàárín gbùngbùn ọkọ̀ bí ìṣe rẹ̀. Kò pẹ́ tí Olówòkéré rí i pé Jọọlá bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó ń nawọ́ sí ẹ́ńjìnnì. Ó mi orí sí i bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Ọkọ̀ wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀, ó ní omi ló ń fà.

Ibi tí omi ti fẹ̀ jù ni ẹ́ńjìnnì kú sí. Ọwọ́ ló fi mọ̀. Ọkọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kọ ìgbì, omi bù wọlé, àwọn obìnrin figbe ta. Àmọ́ ọwọ́ Olówòkéré kò tíì di ní tirẹ̀. Ó yọ fítà, ó bá omi àti ẹrẹ̀ dúdú nínú rẹ̀, ó dà á nù, ó fẹ́ ẹ, ó dá a padà. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ́ńjìnnì tó gbà.

"Bàbá!" Adégbóyè pariwo. "Láti Ugbónlá ló ti ń wúkọ́! Ẹ ń gbọ́ ọ, ẹ sì ń kó èèyàn lọ sínú ikú?"

Ìyẹn, Olówòkéré gbọ́ ọ dáadáa. Kó tó fèsì, ẹnu Jọọlá ti ń mì níwájú. Kò gbọ́ ohun tó wí, ṣùgbọ́n ó rí i tí gbogbo ojú yí sí ìyàwó rẹ̀, tí ẹnì kan ń pòṣé, tí Jọọlá sì tẹrí ba.

"Kí ló wí?" ó bi Mabel, obìnrin tó sún mọ́ ọn jù.

Mabel ké sí i létí: "Ìyàwó yín ní àwọn ló sọ pé kí ẹ má dúró, kí ọjà má baà tú kí àwọn tó dé!"

Bó bá dákẹ́, ó bọ́ nìyẹn. Orúkọ Jọọlá nìkan ló máa bàjẹ́. Olówòkéré gbé ohùn sókè.

"Irọ́ ni. Kò sọ nǹkan kan fún mi. Bó bá tiẹ̀ sọ ọ́, n kò lè gbọ́. N kò gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ti lé lọ́dún kan tí etí mi ti lọ."

Bóyá wọ́n dákẹ́ ni o, bóyá wọ́n ń sọ̀rọ̀ ni o, kò mọ̀. Omi ló tẹjú mọ́ títí wọ́n fi dé.

Ní Ìgbọ́kọ̀dá ó ra fítà tuntun, ó fi í sí i. Ó ti sọ fún àwọn èrò pé ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ mìíràn padà sílé, òun kò ní bínú. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn ọkọ̀ yòókù ń kún, tirẹ̀ ṣófo. Ojú tì í, ó sì dùn ún wọra. Jọọlá dé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó wá jókòó ti ẹ́ńjìnnì. Olówòkéré bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn, kí àwọn méjèèjì máa lọ.

Ọkọ̀ mì. Adégbóyè ló ń wọlé. Kò jókòó sáàárín mọ́, ó rọra fà wá sẹ́yìn, ó há ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ Jọọlá. Mabel ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àti àwọn tó kù. Ẹni méjì péré ni kò padà wá.

Tíṣà fi ẹnu mọ́ bàbá létí, ó sì ké tagbára-tagbára:

"Bàbá, ẹ máa wà á lọ. Etí pọ̀ nínú ọkọ̀."