Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ìjọsìn

Ẹni tó bá sọ fún yín pé Marguerite fẹ́ràn iṣẹ́ ìhìnrere, irọ́ ló pa fún yín. Ọkọ ló fẹ́. Bienvenu ọkọ rẹ̀ ló gbọ́ ìpè Ọlọ́run, òun ló ní kí àwọn kó kúrò ní Àjàṣẹ́ wá sí abúlé kan lẹ́yìn Okpomèta, níbi tí ọ̀nà ti ń di ẹrẹ̀ lóṣù mẹ́ta nínú ọdún. Inú ẹrẹ̀ yẹn ni ọmọ wọn kan ṣoṣo kú sí lórí alùpùpù, ibà ń jó o, ilé ìwòsàn Kétu ṣì jìnnà. Gaston, alàgbà ìjọ, ló gbẹ́ sàréè rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, "Ìyá Ìjọ" ni wọ́n ń pe Marguerite, orúkọ náà sì ń ta á bí ata lójú egbò.

Ọdún mọ́kànlá nìyẹn o. Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ó ti di báàgì rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti gba ṣọ́ọ̀bù dè é ní Àjàṣẹ́.

"Ọlọ́run pè yín," ló wí fún ọkọ rẹ̀, "kò pè mí. Bí ẹ bá tẹ̀ lé mi, mo lọ́kọ. Bí ẹ ò bá tẹ̀ lé mi, ọ̀la ni mò ń lọ."

Bienvenu ní kó jẹ́ kí òun rò ó wò. Àfi bí ẹni pé ọdún mọ́kànlá ò tó èèyàn í ro nǹkan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Marguerite ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí Rachidatou já wọlé, obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà fún un ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Oyún oṣù mẹ́jọ wà níkùn rẹ̀, etí rẹ̀ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí i láyà. Ọkùnrin méjì ń lé e bọ̀ tàwọn ti kùmọ̀. Bienvenu fà á wọ ilé ìjọsìn, ó ti ìlẹ̀kùn onírin, ó ju kọ́kọ́rọ́ sí ìyàwó rẹ̀, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Marguerite sáré lọ sídìí àgógo. Irin táyà ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n so mọ́ igi máńgòrò, òfin rẹ̀ ò sì díjú: bó bá dún ní wákàtí tí kì í ṣe ti ìsìn, kí gbogbo ọmọ ìjọ sọ ọkọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sáré wá. Ó lù ú kíkankíkan. Ó mọ̀ pé wọ́n á wá gba àwọn, wọ́n sì mà wá lóòótọ́.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé láàárọ̀ ọjọ́ náà, màlúù wọ oko Gaston, Euloge àbúrò rẹ̀ lọ lé wọn, ọkọ Rachidatou sì ṣá a ládàá, ó kú sórí ebè. Nídìí òkú Euloge ni àgógo ti bá ìjọ. Ogójì èèyàn ló dé, tàdá tàdá, ẹ̀jẹ̀ Euloge ti gbẹ sí aṣọ Gaston. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Marguerite fi fa ìjàngbọ̀n wọlé.

"Ajíhìnrere, ẹ kúrò lọ́nà," ni Gaston wí, ohùn rẹ̀ ò ga. "Ọkọ obìnrin inú ibẹ̀ yẹn ti sá. Ìyàwó rẹ̀ á san án."

"Gaston, aboyún ni."

"Àbúrò mi náà, ọmọ ìyá mi ni."

Wọ́n fi ọmọ odó gún ìlẹ̀kùn náà títí. Ó tẹ̀, kò já. Wọ́n bá yíjú sí Bienvenu.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Kò sí lọ́wọ́ mi."

Òótọ́ ló sọ, kì í purọ́. Kùmọ̀ àkọ́kọ́ bà á lẹ́nu, eyín méjì bọ́ sílẹ̀. Èkejì fọ́ orúnkún rẹ̀. Àwọn tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣèrìbọmi fún ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gaston gbé àdá lé e lọ́rùn, ìgbà náà ló wá rí ọwọ́ tí Marguerite dì.

"Ìyá Ìjọ, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá, kí ẹ gba ọkọ yín. Èmi tí mo gbẹ́ sàréè ọmọ yín ni mò ń bẹ̀ yín."

Ọkọ nìkan ló fẹ́ láyé. Ọkọ náà ló wà nílẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ kan ti wú dí, èkejì ń wò ó. Kò ní kó mú un wá, kò ní kó má mú un wá. Inú bí Marguerite sí i ju bó ti ń bí i rí lọ, pé ó lè pàṣẹ fún odindi ìjọ, kó wá dákẹ́ lónìí, kó fi ọ̀rọ̀ lé òun lọ́wọ́. Nínú ilé ìjọsìn, Rachidatou ń sunkún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ọmọ tí wọ́n ní kó dákẹ́.

Kànga ìjọ ò jìnnà sí Marguerite ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí i. Gbogbo wọn gbọ́ nígbà tó kan omi.

Gaston ṣá Bienvenu. Ó ṣá a lẹ́ẹ̀mejì lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ ta sí ìlẹ̀kùn, ó sì ti gbé àdá lẹ́ẹ̀kẹta kó tó rí ẹni tí òun ń ṣá. Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ, yàgò fún mi. Kálukú ń sá fún ẹnì kejì rẹ̀.

Kí ọlọ́pàá tó ti Kétu dé, Bienvenu ti kú sórí itan ìyàwó rẹ̀. Wọ́n gé ìlẹ̀kùn, Rachidatou jáde láàyè, ó kúnlẹ̀. Marguerite kò lè wojú rẹ̀. Ó tú báàgì rẹ̀, ó yọ ìró tuntun tó fẹ́ ró wọ Àjàṣẹ́, ó fi bo ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó lu àgógo. Ó lù ú títí apá fi ń ro ó, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Gbogbo ìlẹ̀kùn abúlé tì. Nígbà tó pẹ́, ìyá Gaston yọ, ìyá Euloge náà nìyẹn, tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ kan, tí wọ́n sì de èkejì lọ. Ó fi ọ̀pá tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wọ ilé ìjọsìn, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Marguerite fẹ́ ṣépè fún un, ẹnu rẹ̀ ò gbà á. Kò sì mọ ìwàásù. Ó lọ jókòó tì í.