Kọfí Oníyọ̀

Ọdún méjì lẹ́yìn tí ọkọ Màmá Tíṣà kú ni àwọn ọmọ rẹ̀ sanwó ọkọ̀ ojú omi fún un pé kó lọ gbafẹ́. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló dáa àfi kọfí. Ti yàrá ìjẹun dà bí omi tí wọ́n fi ṣan abọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó rí káńtà kékeré kan nísàlẹ̀, níbi tí ọkùnrin kan ti ń lọ kọfí. Màmá kò tíì lanu tí ọkùnrin náà fi gbé ife kan síwájú rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò. Ó dúdú, ó ki, iyọ̀ díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló máa ń po kọfí báyìí.

"Ọmọ mi, ta ló ní kí o fi iyọ̀ sí i?"

"Bàbá tí ẹ jọ wọlé ni, Mà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń mu ún."

Màmá bojú wẹ̀yìn. Àga òfìfo ló rí. Orí rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n kò sá. Ó lọ jókòó ti àga náà, ó sì rọra sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, bàbá ọmọ mi. Odindi ọdún méjì! Ẹ ò tiẹ̀ yà kí mi nílé."

Màmá sunkún, ó rẹ́rìn-ín, kò sì dìde níbẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n.