Níbi Tí Wáyà Iná Parí Sí

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá ọkọ̀ ojú irin oníná ló dára jù tàbí èyí tó ń lo epo dísù. Awakọ̀ oníná ni mí. Orí ọkọ̀ ojú irin tèmi kì í rú èéfín, kì í pariwo, bí mo bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, ó ti gbéra. Dísù ni ọkọ mi ń wà. Ìkòkò èéfín ni mo máa ń pè é. Òun náà á ní tèmi ò yàtọ̀ sí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀: ibi tí wáyà tó ń fún un níná láti òkè bá parí sí, ibẹ̀ náà ni agbára ẹ̀ parí sí.

Kò kúkú parọ́. Àárín ọ̀nà ni wáyà iná parí sí nígbà yẹn. Èmi á gbé èrò dé ibùdó kan, wọ́n á tú orí ọkọ̀ tèmi kúrò lára ọkọ̀ èrò, wọ́n á so ti ọkọ mi mọ́ ọn, òun á gbé wọn lọ síwájú. Ìgbà tí wọ́n bá ń tú u, tí wọ́n ń so ó yẹn, la máa ń ríra. Àá gba oúnjẹ lọ́wọ́ ara wa lójú fèrèsé, àá jà díẹ̀, ó parí.

Nígbà tí wọ́n wá fa wáyà dé òpin ọ̀nà, ọ̀gá wa ní kí ọkọ mi wá ṣe ìdánwò ọkọ̀ oníná. Bó bá yege, àwa méjèèjì la ó jọ máa wakọ̀, torí awakọ̀ méjì ni ọ̀nà jíjìn ń gbà. Bó bá fìdí rẹmi, ó di ọgbà ẹrù ní ìpẹ̀kun ọ̀nà mìíràn tí ọkọ̀ mi kì í dé, níbi tí dísù tó ṣẹ́kù ti ń ti ẹrù kiri. Àyà mi já. Àmọ́ yẹ̀yẹ́ ni mo fi bò ó: “Bàbá wọn, ẹ tètè di ẹrù yín o, ìkòkò èéfín ń pè yín.”

Lọ́jọ́ ìdánwò, orí ọkọ̀ tèmi ni wọ́n lò; mo dúró lẹ́yìn ọkọ mi, ọ̀gá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọkọ mi tan iná, ó káwọ́ gbera, ó ń wo iwájú. A dúró títí.

Ọ̀gá ní, “Kí là ń dúró dè?”

“Mo ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná ni, sà.”

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Awakọ̀ dísù kì í gbéra láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì gbóná, ó ti mọ́ ọn lára. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní àṣìṣe kan ṣoṣo sí i, ọgbà ẹrù yá.

A ń lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń sún mọ́ ibi tó yẹ kó dúró, mo rí i tó ń dẹtí sí ariwo ẹ́ńjìnnì tó fi máa ń mọ bí eré ṣe pọ̀ tó. Ariwo wo? Bí mo bá là á lóye, mo ti ba ìdánwò jẹ́ nìyẹn. Mo feyín di ètè mú. Ó wá bojú wo aago eré, ó rọra tẹ bíréèkì, ó tún un tẹ̀, ọkọ̀ dúró síbi àmì gẹ́ẹ́.

Ọ̀gá dìde. Ọkọ mi ò dìde.

“Kí lo tún ń dúró dè? Kó tutù?”

“Rárá, sà. Mo ń dúró kí ẹ sọ èsì ni. Bí mi ò bá yege, mi ò ní máa rí ìyàwó mi mọ́.”

Mo gbé ọwọ́ lé èjìká ẹ̀. Ọ̀gá wò ó, ó wò mí, ó ní, “O ti yege. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá gbé ọkọ̀ ọjọ́ Ajé.”

Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ mi ló ń wà á nígbà tí a dé ibùdó tí wọ́n ti máa ń tú wa. A ò dúró níbẹ̀. Mo ń bá a jà pé kò jẹun, ó ń bá mi jà pé mo ń dí òun lọ́wọ́, ibùdó náà sì ti lọ sẹ́yìn wa, ìjà wa ò tíì parí.