Àna Ní Òdìkejì Àwọ̀n

Ní ọdún díẹ̀ kí ìjọba Faransé tó kúrò ní Dàhòmì, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tó mọ tẹníìsì gbá ní Kútọnu, orúkọ Moukaila ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá. Ọ̀gá ni nílé ìfìwéránṣẹ́, ọmọ àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì padà wálé, ìdílé tiwọn sì jẹ́ mùsùlùmí. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, orí rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣe ìdíje àwọn ọkùnrin, ẹnì kan sí ẹnì kan, òun ló ń gbé ife lọ sílé. Àwọn tó ń ti Lómé àti Àjàṣẹ́ wá máa ń sọ pé bàbá náà kì í sáré, bọ́ọ̀lù ló máa ń wá a wá.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Mùílíù náà forúkọ sílẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó ń bá Dúrótoyè, àbúrò ìyá rẹ̀, ta aṣọ ní ọjà Kútọnu. Èkó ló ti kọ́ tẹníìsì, kò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni pé òun mọ̀ ọ́n gbá. Ó na akọ̀wé báńkì kan láti Lómé, ó na Faransé gíga kan tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, ó na olùkọ́ kan láti Àjàṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn rò pé yóò fojú rẹ̀ gbolẹ̀. Bí ó ṣe ń borí ní apá tirẹ̀ ni Moukaila náà ń borí ní apá kejì.

Ọ̀rọ̀ ìbá má le, àfi pé Nimota, ọmọ Moukaila, ni Mùílíù fẹ́ fi ṣaya. Wọ́n ti ránṣẹ́ lọ sílé wọn. Moukaila kò gbà, kò sì kọ̀. "Ẹ jẹ́ kí n rò ó" ni gbogbo èsì rẹ̀.

Nígbà tó wá ku Mùílíù àti Moukaila nínú ìdíje, Dúrótoyè rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le.

"Mùílíù, o ò lè na bàbá ìyàwó lójú gbogbo ayé. Fi í sílẹ̀ fún wọn. Máa gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, kí o sì lọ dọ̀bálẹ̀ kí wọn kú oríire."

"Bàbá mi, mo lè nà wọ́n."

"Mo mọ̀ pé o lè nà wọ́n. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn."

Aránṣọ ni Nimota. Òun ló rán ṣòkòtò funfun tí bàbá rẹ̀ fi ń gbá tẹníìsì, òun náà ló rán ti Mùílíù. Nígbà tó gbé e wá sí ìsọ̀, ó ní, "Mo ti gbọ́ ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ọ. Bí o bá fi eré yẹn sílẹ̀ fún bàbá mi, wọ́n á mọ̀. Wọn ò sì ní dárí jì ọ́ láéláé."

"Bí mo bá nà wọ́n ńkọ́?"

"Wọ́n á bínú." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n ìbínú tiwọn máa ń rọ̀."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ènìyàn kún etí pápá. Rasidat, ìyàwó Moukaila, jókòó lábẹ́ agbòòrùn, Nimota wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Mùílíù lọ bá Moukaila nídìí àwọ̀n, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ pupa. Àwọn Faransé wo ara wọn lójú. Àwọn tiwa pàtẹ́wọ́.

Abala kìíní, Mùílíù ló jẹ ẹ́. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń ta bí ọta ìbọn. Àmọ́ nígbà tí abala kejì bẹ̀rẹ̀, ó ṣèèṣì gbójú sókè, ó rí Rasidat tó ká ọwọ́ lérí, ó rí Dúrótoyè tó ń mi orí sí i. Ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù kan sínú àwọ̀n. Ó gbá òmíràn síta. Èyí tó tẹ̀ lé e, arúgbó pàápàá kò ní tàsé rẹ̀, Mùílíù tàsé rẹ̀.

Moukaila dúró. Ó rìn wá sídìí àwọ̀n.

"Ta ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mùílíù bẹ̀rẹ̀ mú bọ́ọ̀lù nídìí àwọ̀n.

"Bí mo bá fẹ́ sàráà, mo mọ ọ̀nà mọ́sáláṣí."

Bàbá náà padà sí ipò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù kọjá ọgbà, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ohun tí Mùílíù fún un fi tán. Faransé tó ń ṣe adájọ́ eré béèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá.

"Ara mi le," ni Moukaila dáhùn. "Ẹrù ẹlẹ́rù ni mò ń dá padà."

Ojú ti Mùílíù, ṣùgbọ́n bí ojú ṣe ń tì í ni inú rẹ̀ ń dùn. Ó di rákẹ́ẹ̀tì mú dáadáa. Láti ìgbà náà, kò wo ẹ̀yìn mọ́. Moukaila fi ọgbọ́n àgbà gba abala kejì: ó ń rọra ta bọ́ọ̀lù sí ìdí àwọ̀n, ọmọkùnrin náà ń sáré bọ̀ lásán. Ní abala kẹta, Mùílíù rí i pé bàbá náà fẹ́ràn láti súnmọ́ àwọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bọ́ọ̀lù gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń ju ẹyẹ sókè. Moukaila á padà sẹ́yìn, á fò, ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó o. Bọ́ọ̀lù á bọ́ sílẹ̀ nínú ìlà gan-an. Báyìí ni Mùílíù ṣe gba ife.

Moukaila bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "O gbá a," ló sọ, ó sì gba ilé lọ.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, kò sí ìròyìn láti ilé àna. Dúrótoyè kò jẹ́ kí Mùílíù sinmi. "Ṣé o ti rí i? Ife lo máa bá sùn."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Nimota ní ìbínú wọn á rọ̀."

Àfi bí Moukaila ṣe yọ sí wọn ní ìsọ̀ lọ́jọ́ kan, bàbá ìyàwó fúnra rẹ̀, pẹ̀lú rákẹ́ẹ̀tì lábẹ́ apá. Dúrótoyè fò dìde, ìjókòó rẹ̀ dojú dé.

"Ẹ jókòó," ni Moukaila wí. Ó kọjú sí Mùílíù. "Bọ́ọ̀lù tó ń gba orí kọjá yẹn, níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Èkó ni, bàbá. A ò ní àwọ̀n. Okùn tí àwọn ìyá wa ń sá aṣọ sí la fi ṣe é. Ó ga, bí bọ́ọ̀lù wa bá kan aṣọ, wọ́n á nà wá."

Moukaila rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó dáa. Ilé mi náà ní okùn aṣọ. Wá kọ́ mi kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé."

Mùílíù ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Dúrótoyè wúkọ́. "Ọ̀rọ̀ Nimota wá ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Ìyẹn?" Moukaila ti ń jáde lọ. "Ẹ mú ọjọ́ tó bá yín lára mu wá. Kó má ṣáà jẹ́ ọjọ́ ìdíje."