Oríta tí Wọ́n Fi Eérú Yà

Ẹkún ló kù tí Lubabah kò tíì sun. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kàwé gboyè máásítà lórí ètò ìlú ní yunifásítì wá sí Arandun kí àwọn àti ará ìlú lè jọ tún oríta ẹ̀bá ọjà tò, níbi tí ọ̀kadà, aláta àti ọmọ iléèwé ti ń forí gbárí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tó bá tẹ́ àwòrán bí oríta náà yóò ṣe rí sílẹ̀, Ògúntúndé, alága àwọn ọlọ́kadà, á ní àwọn ti rí irú bébà bẹ́ẹ̀ rí, àwọn tó gbé e wá kò sì padà mọ́. Ọjọ́ Sátidé ni ọ̀gá wọn, olùkọ́ tó máa yẹ iṣẹ́ náà wò, ń bọ̀ láti yunifásítì. Bí ìlú kò bá gbà, iṣẹ́ Lubabah dòfo nìyẹn.

Ìròyìn kò ṣáà tó àfojúbà. Lubabah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá lọ kó eérú nídìí ààrò àwọn tó ń yan gààrí, wọ́n sì fi ya ìlà sórí ilẹ̀ oríta gan-an: ibi tí ọ̀kadà yóò tò sí, ìsọ̀ aláta, ọ̀nà àwọn ọmọ, ibi ìkírun.

Ẹ wá wo ìran lọ́jọ́ kejì. Àwọn ọlọ́kadà tò síbi tiwọn wẹ́rẹ́. Fulera aláta jókòó sáàárín ìlà rẹ̀, ó ń bá àwọn tó gba inú ìsọ̀ tí kò lógiri kọjá jà. Àwọn tó fẹ́ kírun ń bọ́ bàtà létí eérú. Lubabah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ògúntúndé nìkan ló káwọ́ gbera lókèèrè, ó ní eérú ni, òjò á wẹ̀ ẹ́ lọ.

Òjò sì rọ̀ lóòótọ́, ní ìrọ̀lẹ́ Fúráídè, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, ẹsẹ̀ Lubabah wúwo bó ṣe ń lọ sí oríta. Ó débẹ̀, ó bá ìlà funfun báláú nílẹ̀. Fulera ru agbọ̀n eérú, Ògúntúndé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bù ú dà, orúnkún rẹ̀ ti funfun.

"Ọ̀nà tí ẹ fún àwọn ọmọ ti há jù," ni alága wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "A ti sún ọ̀kadà sẹ́yìn."

Lubabah náà bẹ̀rẹ̀, ó bá wọn bu eérú.

Ìgbà tí ọ̀gá wọn sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, tààrà ló ń bọ̀ lórí àwọn ìlà eérú náà. Ògúntúndé, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, sáré lọ dí i lọ́nà.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bọ́ bàtà. Ibi ìkírun nìyẹn."

Ọ̀gá wo ilẹ̀, ó wo Lubabah, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tú okùn bàtà. Kò sẹ́ni tó tún bi ìlú léèrè bóyá wọ́n gbà.